Ìbéèrè tí Mo Túmọ̀ Sódì ní Sokoura

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ fún àjọ àgbáyé kan ní Bouaké, àyà mi ń já. Kì í ṣe ìbọn ló ń bà mí lẹ́rù. Ìlú ti wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tipẹ́, ojú wa ti mọ́ ọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n má lọ rí i pé díplómù mi kò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Àjọ náà fẹ́ gbẹ́ kànga onípọ́ǹpù kan sí Sokoura, àdúgbò kan nínú ìlú náà. Lórí àwòrán ilẹ̀ àdúgbò náà tí ọ̀gá mi, Màdáàmù, gbé dání, wọ́n ti fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ bàráàjì, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń dá èrò dúró. Ó ku kó fọwọ́ sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àṣẹ tuntun ti dé láti olú iléeṣẹ́ wọn lókè òkun: iṣẹ́ yòówù kí wọ́n fẹ́ ṣe, ìbáà ṣe kànga, ìbáà ṣe afárá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọdé léèrè nípa ẹ̀tọ́ wọn.

Àgbàlá Ìyá Ṣàlámì la jókòó sí, ọ̀kan lára àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kúrò ní Ghana láyé ọjọ́un. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo wá kọjú sí àwọn ọmọ tí wọ́n kó jọ síbẹ̀, mo fi Yorùbá bi wọ́n.

"Kí ni ẹ̀tọ́ ọmọdé?"

Ìyá Ṣàlámì ló gbà á.

"Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìbéèrè? Kó jí, kó kí ìyá rẹ̀, kó gbálẹ̀, kó pọnmi. Ẹ̀yin akọ̀wé, ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́nu ìyá, ẹ̀tọ́ ni ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe. Lórí fọ́ọ̀mù mi, ohun tó yẹ kí á ṣe fún ọmọ ni. Mo ti dorí ìbéèrè kodò. Ìtìjú mú mi débi pé mo ń kọ "pípọnmi" sílẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ìgbà náà ni Ràmọ́tà, ọmọ-ọmọ ìyá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Mo máa ń pọnmi. Ṣùgbọ́n tí kànga tí wọ́n ń sọ bá wà ní bàráàjì, mi ò ní lọ."

"Ta ló bi ọ́?" ni ìyá àgbà wí.

"Àǹtí yìí ni."

"Kí ló wà ní bàráàjì?" ni mo bi í.

"Àwọn oníbọn máa ń di ọwọ́ wa mú. Wọ́n ní ká wá jókòó tì wọ́n. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí là ń gbà."

Ìyá Ṣàlámì ò rẹ́rìn-ín mọ́. "O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí, Màmá."

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Faransé. Màdáàmù mú rọ́bà, ó pa àmì pupa náà rẹ́, ó sì na pẹ́ńsù sí Ràmọ́tà. Ọmọ náà fi ìka tọ́ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Ẹ̀rù ni, ayọ̀ ni, ẹkún sì wà níbẹ̀. Àjọ tí àwọn ọ̀gágun pàápàá ń dúró dè gbé kànga kúrò níbi tí wọ́n ti sàmì sí nítorí ìka ọmọ kan.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fọ́ọ̀mù tuntun dé. Màdáàmù ti ròyìn àṣìṣe mi fún wọn lókè òkun. Wọ́n ti yọ ìbéèrè àtijọ́, èyí tó wà níwájú báyìí ni: "Iṣẹ́ wo ni wọ́n máa ń rán ọ, ta lo sì ń bá pàdé lọ́nà?" Wọn yóò máa bi àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú tí n kò ní dé láé.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ Ràmọ́tà kò sí níbẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè náà.