Ìró Tó Wà Nínú Bọ́ọ̀sì Pupa

Obìnrin tí àdúgbò ń pè ní Dókítà Fáànù kì í ṣe dókítà. Fáànù ló ń tún ṣe, àti rédíò, àti áyọ́ọ̀nù, nínú yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń gẹrun. Wọ́n ní kò sí ohun tó kú tó dé ọwọ́ rẹ̀ tí kì í jí. Àsọdùn ni. Aago ọwọ́ kan wà tó tún ṣe fún bàbá rẹ̀, tó ti dákú láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gbàgbé.

Nígbà tó wá gbé bọ́ọ̀sì ìṣeré bàbá wọn sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́.

"Dókítà, ta ló gbé aláìsàn yìí wá?"

"Èmi ni, bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọn eruku orí bọ́ọ̀sì náà.

"Bàbá ò mọ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. "Títí di òní, aago Bàbá ṣì ń sọ pé aago méjì ti lù. Ṣé bọ́ọ̀sì ló wá kàn?"

"Bọ̀ọ̀dá, oníbàárà yín ń dúró. Apá kan orí ẹ̀ lẹ ṣì gẹ."

Bọ́ọ̀sì náà ò tóbi. Gígùn rẹ̀ ò ju láti ìgbọ̀nwọ́ èèyàn dé ọrùn ọwọ́. Páànù ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa, wọ́n sì ya ojú àwọn èrò sára fèrèsé rẹ̀, gbogbo wọn ń wo iwájú bíi pé wọn ò fọkàn tán awakọ̀. Bàbá wọn rà á nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀sì ńlá lé e lọ́wọ́ láti máa wà. Sípíríǹgì kan wà ní ikùn rẹ̀ tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí, ṣùgbọ́n ó ti já kí àwọn ọmọ tó gbọ́n. Láti ìgbà náà, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni ibùgbé rẹ̀, ọwọ́ ọmọdé ò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Bàbá nìkan ló máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Á gbé e sẹ́bàá etí, á mì í díẹ̀, á sì dá a padà. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń gbọ́.

Bàbá wa ọkọ̀ títí awọ funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé, ó ń fi etí ka àìsàn ọkọ̀ tó bá kọjá. "Búrẹ́kì tìyẹn ti jẹ tán. Tìyẹn ò gbọ́dọ̀ rí òkè." Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ọkọ̀ tó ń hanrun bí ẹlẹ́dẹ̀ á kọjá, Bàbá ò ní sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń já Dókítà Fáànù láyà ju ojú náà lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ojú, ni obìnrin náà lọ gbé bọ́ọ̀sì. Bí Bàbá ò bá lè wa ńlá mọ́, kó máa wa kékeré. Yóò tún un kùn, yóò fi rìmóòtù sí i, Bàbá á jókòó sórí àga, á máa darí rẹ̀. Èrò dáadáa ni, àfi pé kò bi ẹni tó ni ín. Ó fẹ́ parí rẹ̀ kí Bàbá tó dé. Bó bá sì bà á jẹ́, kò sí òmíràn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́.

Ó fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ìdọ̀tí rẹ̀. Ó fi sàǹpépà tó kúná ha ìpẹtà kúrò. Ó po ọ̀dà pupa, ó pọ́n jù. Ó tún un pò, ó dà bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Nígbà tó fi máa bá ti àtijọ́ mu, ọwọ́ rẹ̀ ti pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Kò fọwọ́ kan ojú àwọn èrò.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni àwọn etí. Kò sí síkúrù lára bọ́ọ̀sì náà. Páànù òkè ló ní etí kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n kì bọ inú ihò páànù ìsàlẹ̀, tí wọ́n wá tẹ̀ pa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ nà wọ́n, bẹ́ẹ̀ páànù àtijọ́ ò gba wàhálà púpọ̀: bó o bá nà án, tó o tẹ̀ ẹ́, tó o tún nà án, á kán bí èékánná.

Ó nà wọ́n bí ẹni ń ṣí aṣọ lára ọgbẹ́. Wọ́n nà. Ó yọ sípíríǹgì, ó yọ àwọn eyín irin tó ń yí táyà, ó sì yọ irin wẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti já, tó kàn ń yí kiri inú ibẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú agolo páúdà. Lójú ẹni tó ń tún fáànù ṣe, ohunkóhun tó bá ń dún, àìsàn ni. Fáànù tó bá dákẹ́ ló yá.

Ó tú ọkọ̀ ìṣeré oníke kan tó ti fọ́. Ó mú ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ fún táyà ẹ̀yìn, ó mú èyí tó ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì, ó mú pátákó wáyà tó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ rìmóòtù, ó to bátìrì sáàárín. Ó tẹ rìmóòtù. Bọ́ọ̀sì tí kò ní òrùlé sáré lórí tábìlì, ó yà, ó padà. Ó gbé òrùlé lé e, ó tẹ àwọn etí pa. Ó tún tẹ rìmóòtù. Kẹ́kẹ́ pa.

Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀sì ò mira.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú. "Aago mélòó ló sọ?"

Ìgbà tó jókòó ló tó yé e. Òun tó máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má gbé rédíò sínú àpótí irin, torí pé ohùn ò ní wọlé, òun náà ló fi páànù bo wáyà tó yẹ kó gbọ́ràn. Ó di dandan kó tún etí nà. Ó nà wọ́n. Ọ̀kan kán. Ó fa wáyà tín-ín-rín tó ń gba àṣẹ rìmóòtù gba ihò tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òrùlé níta, ó kùn ún ní pupa. Bọ́ọ̀sì gbọ́ràn. Kò sì dún rárá.

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú Bàbá dé láti ilé ìwòsàn, bọ́ọ̀sì sì ti padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Báńdéèjì funfun bo ojú kan. Bàbá jókòó, kò béèrè omi.

"Ẹ gbé bọ́ọ̀sì mi fún mi."

Obìnrin náà gbé e fún un, ó fi rìmóòtù pamọ́ sẹ́yìn. Bàbá fọwọ́ pa á lára, ó gbé e sẹ́bàá etí, ó mì í. Ó tún un mì.

"Èyí kọ́ ni tèmi."

"Tiyín ni, Bàbá. Mo kùn ún ni."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ojú ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, kì í ṣe etí. Tèmi máa ń dá mi lóhùn. Níbo lo gbé e sí?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń retí yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù tó bà á.

"Irin kan ló já nínú ẹ̀, Bàbá. Mo yọ ọ́."

Bàbá gbé bọ́ọ̀sì sórí itan. "Ìyá yín ló já a. Mo ní kó má yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́, ó ní ó ku ẹyọ kan. Ó yí i, ó já, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ìwọ ò tíì lè dá jókòó nígbà yẹn."

Ìyá wọn ti kú tipẹ́. Obìnrin náà ò rántí ẹ̀rín rẹ̀.

Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Agolo páúdà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti da irin fáànù lé e lórí. Ó gbé e bó ṣe wà wálé, ó dà á sínú tìréè níwájú Bàbá. Bàbá ń mú irin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ wò, ó ń jù ú padà sínú tìréè, ó ń fetí sí ìró rẹ̀.

"Òun nìyí."

Etí mẹ́ta ló kù. Obìnrin náà nà wọ́n, ọ̀kan tún kán. Ó fi téèpù wé gbogbo wáyà kí irin má bàa kàn wọ́n, ó fi ike dí ẹ́ńjìnnì, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn fún irin náà nìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di òrùlé mú fún un. Ibi tí etí ti kán, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi so ó.

Bàbá mì í. Wóró-wóró.

Ó tún un mì, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kúrò létí.

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó sì mú rìmóòtù jáde, "ó tún ń rìn."

Bàbá gba rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì ta gìrì, ó gba abẹ́ àga kọjá, ó ń dún bí àpò tí síkúrù kún, ó sì lọ forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì. Ọ̀dà tuntun bó.

"Sítíárìn ẹ̀ ń fà sósì," ni Bàbá wí.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti dárúkọ àìsàn ọkọ̀ kan gbẹ̀yìn.

"Ṣé kì í ṣe dírẹ́bà ló ń fà sósì?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ìwọ tó ò ń gẹ irun èèyàn ní wíwọ́."

Obìnrin náà ti mú sukurudiráfà. "Ẹ jẹ́ n wò ó, Bàbá. Kékeré ni iṣẹ́ ẹ̀."

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Mo ti mọ bí mo ṣe máa wà á."

Obìnrin náà fi sukurudiráfà sápò. Bọ́ọ̀sì padà sẹ́yìn, ó yà, ó tún forí sọ tábìlì, ọwọ́ obìnrin náà sì wà lára sukurudiráfà nínú àpò, kò yọ ọ́.