Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Mú Wa Yodì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà èwe pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ máa yodì nítorí ọkọ̀ tí ìkankan nínú wa ò lè rà láéláé, ǹ bá ní ibà ló ń ṣe onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ní Ítálì níbí, ní àwọn ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti jáde kúrò láàárín àwọn ará Yúróòpù.

Ìbàdàn ni àwa méjèèjì ti jọ dàgbà. Olùkọ́ yunifásítì kan wà ládùúgbò wa tó ní ọkọ̀ eré kan, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kékeré, tó sún mọ́lẹ̀ dáadáa. Iná iwájú rẹ̀ rí róbótó, ẹnu rẹ̀ sì kéré bí ẹnu ẹni tí ẹ̀rín ń pa tó ń pa á mọ́ra. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé la máa ń lọ fọ ọkọ̀ náà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe pé a jẹ́ ọmọ dáadáa o, a kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án ni. Nígbà tá a fi máa dàgbà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n a ò yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi wá tẹ̀dó sí Settimo Torinese, lẹ́bàá Turin, mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, òun wà ní Padova, ó ń kó ẹrù nínú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, fọ́tò ọkọ̀ yẹn sì wà nínú fóònù àwa méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló pè mí, kò tiẹ̀ kí mi. "Ó ti jíǹde!" ló ń pariwo. Ìyàwó mi ṣe "Àmín!" láti ilé ìdáná. Àṣé àwọn kan ló ti ra orúkọ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì fẹ́ máa ṣe ọkọ̀ náà padà lákọ̀tun. Inú wa dùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tó yá ni fọ́tò rẹ̀ dé. Ẹnu kékeré yẹn ti di ihò dúdú gbàgàdà. Iná róbótó ti lọ, wọ́n ti fi iná tín-ín-rín méjì rọ́pò rẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tipátipá. A ní gúrúpù kan lórí WhatsApp, àwa ọmọ Yorùbá tá a fẹ́ràn ọkọ̀, láti Turin títí dé Padova. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹja àrọ̀ rèé. Kí wọ́n dá a padà sódò."

Gúrúpù gbaná. Ẹnì kan ní Bergamo ní ẹnu rẹ̀ ò burú, ìdí rẹ̀ ni kò dáa, pé ó dà bí àgbàlagbà tó wọ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká gbààwẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ń ta oúnjẹ ilé lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Reggio Emilia fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni híìtà ọkọ̀ tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú yín?"

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló gbèjà ọkọ̀ náà. Ó ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mí, pé ayé ti yí padà. Ó wá fi kún un pé: "Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

Gbólóhùn yẹn ló gún mi. Ọdún yẹn ló gba cittadinanza, ó ti di ọmọ Ítálì, ó sì ń kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba bí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ti ń ṣe, kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó ti sọ fún onílé pé òun ń kó jáde kó tó sọ fún mi. Mo bá dá a lóhùn: "Bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ló pa ilé iṣẹ́ náà nígbà àkọ́kọ́?" Ó ní ibi tí mo jókòó sí ni kò jẹ́ kí n ríran. Mo ní èmi ṣáà jókòó, òun ló ń sá kiri. Ó bá kúrò nínú gúrúpù.

Bá a ṣe yodì nìyẹn. Ẹ sì mọ bí odì ṣe máa ń rí láàárín wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu ti jẹ̀bi. Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń bínú sí. Lílọ rẹ̀ ló ń dùn mí, ó dùn mí wọra. Ìyàwó mi mọ̀.

"Dádì, ẹ pè é," ó ní.

"Òun ló yẹ kó pè mí."

"Ó ń lọ lóṣù tó ń bọ̀ o. Ẹ ó wá máa bá ẹnu ọkọ̀ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n wa ará Reggio Emilia ló gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà fẹ́ pàtẹ rẹ̀ nínú ọgbà kan ní Turin, létí odò Po. Wọ́n ní ká jọ lọ wò ó, kí ojú fúnra rẹ̀ dájọ́. Mo lọ gbé àwọn méjèèjì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Turin. Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú, ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn, ooru sì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún dírẹ́bà kó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún èrò ẹ̀yìn pé fèrèsé yẹn ò ṣeé ṣí."

"Ṣé èmi wá di postino tó ń bá yín kó lẹ́tà kiri ni?" Ẹ̀gbọ́n kígbe. "Gbogbo wa la jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà!"

Nígbà tá a dé ọgbà, èrò ti rọ̀gbà yí ọkọ̀ náà ká lórí koríko. Ní Turin, kò sẹ́ni tí kì í ṣe adájọ́ bó bá di ọ̀rọ̀ ẹwà ọkọ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń fa ajá káwọ́ lérí: "Madonna, che brutta!" Ó ní ó burẹ́wà. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan tó dé fìlà ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ta kò ó pé bellissima ni, pé ó rẹwà gan-an, kí bàbá padà sílé lọ máa wo fíríìjì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ìyá náà pé bẹ́ẹ̀ ni, débi tí mo fi rò pé ọrùn rẹ̀ máa yẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ju ọwọ́ sókè sódò bí wọ́n ṣe ń jiyàn, ajá ti sùn sílẹ̀. Ọkùnrin mìíràn kúnlẹ̀ níwájú ihò dúdú yẹn, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó wà létí sàréè. Ẹ̀gbọ́n wa yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan.

"Níbo ni wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí?" wọ́n bi wá. Wọ́n bá wá ilé ìtọ̀ lọ.

Obìnrin tó ń ṣọ́ ọkọ̀ náà ń jẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tò sórí ìlà. Wíwọlé ò nira, ó kàn já wọnú rẹ̀ ni. Ó di sítíárín mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ká má purọ́, ó yẹ ẹ́. Jíjáde ló di wàhálà. Ikùn rẹ̀ há, orúnkún tí iṣẹ́ magazzino ti bà jẹ́ ò gbé e. Ó gbìyànjú títí. Obìnrin náà ń fà á ní èjìká, ó ń sọ pé "Piano, signore, piano," kó máa rọra. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ọ̀rẹ́ mi wá Ẹ̀gbọ́n lọ́tùn-ún, ó wá wọn lósì. Ó wo ojú mi. Mo wo ojú ọ̀run.

Ó wá fi èdè Ítálì sọ fún obìnrin náà kó bá òun sọ fún ọkùnrin yẹn kó wá fún òun lọ́wọ́. Obìnrin náà jíṣẹ́. Mo ní kó bá mi bi í bóyá àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Obìnrin náà ti ń yíjú padà sí ọ̀rẹ́ mi kó tó dúró, ó wò mí, ó wò ó.

"Ma scusate," ó ní, "voi due non parlate la stessa lingua?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwa méjèèjì kì í sọ èdè kan náà ni.

Ojú tì mí. Ọ̀rẹ́ mi ń làágùn níbẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ti já. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Ẹsẹ̀ òsì ni kó o kọ́kọ́ yọ," mo ní.

"Orúnkún yẹn ló ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Rọra."

Mo fà á, mo fà á, ó jáde, díẹ̀ ló kù ká jọ ṣubú lulẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àsìkò yẹn ni Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n ń bi mí ta ló borí.

Ọ̀rẹ́ mi ò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó yíjú wo iwájú ọkọ̀ náà dáadáa.

"Ẹnu yẹn tóbi jù lóòótọ́," ó ní.

"Ó tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ dáa."

Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, kò sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

"Ta ló máa fà mí jáde lọ́hùn-ún?"

Omi ti lé sí mi lójú.

"Ra ọkọ̀ tó ga," mo ní.