Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Warri níbí, ilé àwòrán kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ya àwòrán òkú lẹ́bàá ọjà Pessu. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní fọ́tò láyé ìgbà yẹn, pàápàá àwa ará Ìlàjẹ tí à ń gbé etí omi, tí iṣẹ́ wa kò ju ẹja lọ. Bí ẹnìkan bá kú láìní fọ́tò, ẹbí rẹ̀ á mú ẹni tó jọ ọ́ jù láàárín wọn lọ bá ọkùnrin yìí. Ẹni náà á jókòó sórí àpótí, ayàwòrán á máa ya ojú rẹ̀, á sì máa béèrè ohun tí òkú fi yàtọ̀ sí i. Ṣé imú òkú tóbi ju èyí lọ? Ṣé ó ní èéjì? Wọ́n á máa sọ, òun náà á máa tún un ṣe, títí ẹbí á fi gbà pé òkú àwọn nìyẹn.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju iléèwé lọ. Bí wọ́n bá ti rán mi lọ ra iyọ̀, mo máa ń yà síbẹ̀ wo àwọn ojú tó kún ara ògiri, màá máa ro ohun tí kálukú wọn ń bá ayé jà lé lórí kó tó kú. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti di òǹkọ̀wé, nígbà tí n kò tíì mọ ìwé kọ dáadáa.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ibà gbé ìyá mi lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò ní fọ́tò kankan. Bàbá mi wà lójú omi, wọn kò tilẹ̀ gbọ́. Àbúrò ìyá mi obìnrin ló wá láti ilé wa ní Ìlàjẹ, ẹni tó jọ wọ́n bí ìbejì, ṣùgbọ́n tí kò fojú kàn wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló lọ jókòó fún ayàwòrán, ó sì mú mi dání.

Ìyá mi ní àpá iná ńlá kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja ni epo ẹja ti gbiná, tó fò mọ́ wọn lójú. Àwọn ọmọ iléèwé mi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú sì máa ń tì mí bí ìyá mi bá wá mú mi ní iléèwé, kí n má parọ́ fún yín.

Nígbà tí ayàwòrán fẹ́ parí, ó kọjú sí mi, nítorí èmi ni mo bá òkú gbélé.

“My pikin,” ó ní, “wetin dey your mama face wey no dey this one?”

Mo wo ojú àbúrò ìyá mi. Ó ń dán, kò ní àbàwọ́n kankan.

“Nothing dey,” ni mo wí.

Ó tún béèrè. Mo tún ní kò sí.

Bàbá mi dé lẹ́yìn tí a ti sìnkú. Wọ́n dúró pẹ́ níwájú àwòrán náà.

“Àbúrò ìyàwó mi rèé,” ni wọ́n wí. “Ìyàwó mi wá dà?”

Aládùúgbò wa kan ní kò dára kí èèyàn máa wá àléébù sójú òkú. Bàbá mi kò gbé àwòrán náà kọ́ títí wọ́n fi kú, n kò sì lè jẹ́wọ́ fún wọn.

Mo ti kọ ìwé mélòó kan báyìí. Bí ọ̀rọ̀ bá gbẹ lọ́kàn mi, gálárì, ilé tí wọ́n ń gbé àwòrán kọ́ fún aráyé wò, ni mo máa ń gbà lọ. Màá jókòó síwájú àwòrán kan, màá wò ó pẹ́, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí wọ́n bá ya obìnrin ẹlẹ́ja, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kò sí ìwé mi tí obìnrin alápàá iná kò sí nínú rẹ̀. Nínú òmíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni àpá náà wà, nínú òmíràn, tòsì ni. Àwọn tó ń kà á rò pé ọgbọ́n ìkọ̀wé ni. N kò rántí ẹ̀gbẹ́ tó wà mọ́ ni. Bí mo bá dijú, ojú àbúrò ìyá mi ni mo ń rí, ó sì ń dùn mí wọra.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin sìn mí lọ sí gálárì kan. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Píjìn ló fi ń fèsì. Ó fi fóònù rẹ̀ yà mí, ó sì fi hàn mí. Gbogbo ojú mi tó hun jọ ti jọ̀lọ̀, àmì dúdú abẹ́ ojú mi kò sí mọ́.

“Grandma, see as you fine.”

“Ta ló ní kó o yọ àmì ojú mi kúrò?”

“No be me o. Na so the phone dey do am by itself.”

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Fọ́tò tèmi nìkan tó wà nínú fóònù ọmọ yẹn kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tiwa, kí wọ́n tó pa àpá rẹ́ lójú èèyàn, ẹnìkan ṣì máa ń béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí. Èmi ni mo ní kò sí.