Mò Ń Gbàdúrà Sí I

Ẹ bá mi kí gbólóhùn kan tó ga ju gbogbo gbólóhùn lọ ní Adó-Èkìtì. Ọba ni láàárín ọ̀rọ̀. Asà tí ọfà kì í wọ̀ ni. Aṣọ funfun báláú tí a fi ń bo ọ̀lẹ, tí ó fi ń dà bí ẹni mímọ́. Gbólóhùn náà ni: “Mò ń gbàdúrà sí i.”

Níbòmíràn, ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ Ọlọ́run á ní òun kò ṣe. Ìwà aláìmọ̀kan nìyẹn. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú wa ní tiwa. A kì í kọ iṣẹ́. A kàn ń dá fáìlì padà sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá òkè, pé kí Ó tún un yẹ̀ wò.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Màmá ni gbogbo ìjọ ń pè é, ó sì ti na ọ̀pọ̀ nínú àwọn alàgbà wa ní kékeré. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, yóò gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lọ́nà Ìjàn, yóò kó àwọn ọmọdé jọ sábẹ́ igi máńgòrò, yóò sì kọ́ wọn ní Bíbélì. Dókítà wá ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀kadà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn òbí ti sọ tiwọn: bí olùkọ́ kò bá wá, oko ni ọmọ ń lọ. Kíláàsì tí Màmá fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ró fẹ́ tú ká.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wọlé bá àwa ìgbìmọ̀ níbi tí a ti ń fi mííìtì-páì àti mọ́ọ̀tì jíròrò.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò bá mi lọ kọ́ wọn títí ojú mi yóò fi san?”

Alága nu ẹnu. “Màmá, iṣẹ́ ńlá nìyí. A óò máa gbàdúrà sí i.”

“Àmín!” Ohùn wa dùn bí orin.

Màmá sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbà á báyìí.”

“Báyìí kẹ̀, Mà?”

“Ṣé Ọlọ́run kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi ni? Ẹ dìde. Ẹ dijú. Ìwọ, gbé páì yẹn sílẹ̀.”

Àwa arúgbó onírungbọ̀n funfun tò tẹ̀léra bí ọmọ iléèwé, a dijú. Ikùn ẹnìkan kùn.

“Àmín. Ó yá, alága, kí ni Ó wí?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Láti ọjọ́ tí a ti ń gbàdúrà sí nǹkan, ẹnikẹ́ni kò bi wá ní èsì rí.

Alága wo àjà. “Ó ní... Ó ní kí n kọ́kọ́ parí òrùlé ilé mi, Mà.”

“Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀ páànù? Akápò, ìwọ ńkọ́?”

“Ó ní kí n má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi.”

“Èyí tí o fi sílẹ̀ lánàá lọ wo bọ́ọ̀lù ní àdúgbò Fájuyì?”

Olórí akọrin ní ìran ni òun rí ní tòun: ebè iṣu, ó lọ súà.

“Uṣu!” Èkìtì ilé bàbá Màmá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ìran uṣu lo rí?”

Olórí akọrin fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó di tábìlì mú, mọ́ọ̀tì dà sí agbádá alága, alága ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní òun yóò lọ.

Màmá yíjú sí mi. “Ọ̀mọ̀wé, ìwọ tí ẹ̀rín rẹ pọ̀ jù. O ní mọ́tò. O kò ní oko, òrùlé rẹ kò jò. Kí ni Ó wí fún ọ?”

Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Mo wúkọ́. “Màmá, n kò fẹ́ kánjú sọ̀rọ̀ lórúkọ Ọlọ́run. Mo ṣì ń gbàdúrà sí i.”

“Àmín!” ni gbogbo ilé wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mò ń fọ mọ́tò mi níwájú ilé nígbà tí ọ̀kadà kan kọjá. Màmá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ní kí dókítà ṣì dúró ná. Ó juwọ́ sí mi, èmi náà sì juwọ́ padà.

N kò gba àdúrà kankan.