Ayé-Ò-Gbọdọ̀-Bàjẹ́

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ayé-Ò-Gbọdọ̀-Bàjẹ́. Láti ọjọ́ tó ti lọ sí ìpàdé kan lórí ìtọ́jú àyíká ni ẹnu rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. Bí o bá jókòó kó gé irun rẹ, ìwàásù lo máa gbọ́ títí irun á fi tán lórí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kó gbogbo ike ìyá rẹ̀ dà sí ààtàn: abọ́, jọ́ọ̀gì, títí kan garawa tí wọ́n fi wẹ òun fúnra rẹ̀ ní kékeré. Ó ní ike ló ń ba ayé jẹ́. Ó wá ra abọ́ onígi tuntun rẹpẹtẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ọ̀rá tirẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dìde. Ó lọ ṣa ẹrù rẹ̀ padà, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì da omi rẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́.

Ni ọmọ bá figbe ta: "Màmá, ẹ̀ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ogójì ọdún ni garawa yìí ti wà lọ́wọ́ mi, kò dé ààtàn rí. Ìwọ lo gbé e débẹ̀."