Bíà Tí Ọlánípẹ̀kun Ń Pọn

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọlánípẹ̀kun, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Dutsen Kura ní Minna ló ń gbé. Ọlọ́run fi ìmọ̀ ohun gbogbo jíǹkí rẹ̀, àfi ti ohun tó bá dáwọ́ lé.

Lọ́dún tó kọjá, ó kéde fún Simeon ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé omi lásán ni bíà tí wọ́n ń tà níta, pé òun yóò máa pọn tòun nílé. Bíà fífúyẹ́ tó mọ́ gaara ló fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó gbà pé ohun tó bá fúyẹ́ kò lè ṣòro. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irú ọtí bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣìṣe ẹni láṣìírí, tàbí pé òtútù tó dúró lójú kan ló ń fẹ́. Inú ooru oṣù kẹta ló sì ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú.

Ó kó ẹran ìyàwó rẹ̀, Abímbọ́lá, jáde nínú firiji, ó gbé ike ọtí síbẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni Abímbọ́lá, kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kì í purọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àkọ́pọn, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ta ló gbé ẹyin tó ti bàjẹ́ wọlé?"

"Bí bíà gidi ṣe ń rùn nìyẹn. Ìwọ tí o ò mu ún, kí lo mọ̀?"

Simeon tọ́ ọ wò, ó rọra gbé ife sílẹ̀. "Haba, malam. Ẹyin nìkan kọ́, omi ọ̀gì náà wà níbẹ̀."

Ọ̀gá apọntí ní ahọ́n wọn kò tíì lajú. Òun nìkan ló mu ún tán, inú rẹ̀ sì dá a lóhùn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn.

Èkejì ń rùn bíi bọ́tà. Láti ibi ìdáná ni Abímbọ́lá ti sọ ọ́, láì tilẹ̀ yọjú. Ọkọ rẹ̀ lọ kàwé nípa rẹ̀, kó lè fi hàn án pé kò mọ nǹkan kan. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ìwúkàrà tí wọ́n fi ń pọn ọtí fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ òórùn bọ́tà náà tán, bí apọntí kò bá kánjú. Ó dùn ún wọra pé òótọ́ ni imú ìyàwó rẹ̀ sọ.

Ó wá kọ́ sùúrù ní tipátipá. Ó ń fọ ike bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ń jẹ́ kí ọtí hó dáadáa láìdé e. Bí iná bá lọ, á fi ìgò omi dídì yí i ká. Nígbà tó yá, ọ̀kan mọ́ gaara. Simeon mu ún, ó tún na ife sí i.

"Ó dà bíi ti ìta gan-an."

Ọlánípẹ̀kun, tó pe ti ìta ní omi lásán, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Ní báyìí, kì í bu ọtí fún ẹnikẹ́ni kó tó gbé e lọ síwájú imú ìyàwó rẹ̀, á sì dúró bí ọmọ ilé-ìwé tó ń retí èsì ìdánwò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Abímbọ́lá kàn fa ojú ro. Ọkùnrin náà gbé ike, ó da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà láìjiyàn. Simeon, tó ti gbé ife dání, ló bínú.