Ìborùn Tí Mo Fi Wé Bàbá Mi

Ọdún pípẹ́ ni bàbá mi fi darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òmù-Àrán. Òun ló kọ́ èmi náà lórin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni iyè rẹ̀ ti ń rá. Bí mo bá ti ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà dé, nígbà mìíràn á kí mi bí àlejò, nígbà mìíràn á pè mí ní ìyá rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin ní kí n má mú un lọ síbi ìsìn orin Kérésìmesì. Mo ní, "Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni?" Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun fún un, mo fi í jókòó sẹ́yìn àwa akọrin.

Orin ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já wé là ń kọ lọ́wọ́ tí bàbá fi dìde. Ó lọ síwájú, ó rọra ti olùdarí wa sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ̀yin tẹ́nọ̀, ẹ̀ ń fà á jù! Ṣé òkú lẹ̀ ń sin ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. A sì ń bá a lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ ohun tó ń ṣe. Inú mi ti fẹ́ máa dùn. Àfi bí ṣòkòtò rẹ̀ ṣe tutù, tí ìtọ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rín dákẹ́. Mo rí ẹni tó gbé fóònù sókè.

Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Mo ṣí ìborùn ọrùn mi, mo wé e mọ́ ọn níbàdí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"A ò tíì parí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ilẹ̀ ni mo ń wò títí a fi jáde. Nínú ọkọ̀ ó bi mí pé, "Ìyá, ṣé mo ṣe dáadáa?"

Mo ní ó ṣe dáadáa. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Àbúrò mi pè láàárọ̀: "Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, tí mò ń fọ ṣòkòtò náà, tí omi ọyẹ́ ń ta mí lọ́wọ́. Orin àná wá sí mi lẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti ń kọ orin ọ̀já yẹn bí ohun tí wọ́n yà sára káàdì: ó funfun, ó gbẹ. Mo tọ́mọ, mo mọ̀ pé ọ̀já ọmọ tuntun kì í gbẹ. Màríà náà fọṣọ. Olúwa tí à ń yìn, nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò lè nu ara rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló gbé ara rẹ̀ lé, ojú ò sì ti ọ̀run. Èmi lojú ń tì. Kì í ṣe nítorí kí òtútù má mú bàbá mi ni mo ṣe wé e, kí ayé má rí i ni.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, mo tún mú un lọ. A jókòó nítòsí ilẹ̀kùn. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sún jìnnà sí wa díẹ̀. Bàbá kọrin, ọ̀rọ̀ ò pé lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ ṣì dọ́gba. Mo ń kọ tèmi lábẹ́ tirẹ̀, ojú ṣì ń tì mí, mo sì gbé ọwọ́ lé e léjìká.